Pósí oníná tó wà ní Wuse 2

“Ẹnjiníà, gbogbo iná inú ẹ̀rọ yìí ló ń tàn, ṣùgbọ́n wọn ò ṣiṣẹ́.”

Ohun tí Màdáàmù sọ fún mi lórí fóònù nìyẹn lọ́dún 2018, díẹ̀ ló kù kí n bú sẹ́rìn-ín. Mo ti lo ọdún mẹ́rìnlá nídìí iṣẹ́ iná nígbà náà, láti ọ̀dọ̀ ọ̀gá tó kọ́ mi níṣẹ́ n'Ílọrin títí dé Kubwa tí mo ń gbé báyìí. Lọ́dọ̀ tiwa, iná tó bá ti tàn, ó ti ń ṣiṣẹ́ nìyẹn. Èyí tí kò tàn ni wọ́n ń torí ẹ̀ pè wá. Mo kó tẹ́sítà àti sukurudiráfà sínú báàgì, mo sọ fún ìyàwó mi pé n ò ní pẹ́, mo wọkọ̀ lọ sí Wuse 2. Aago mẹ́sàn-án alẹ́ kọjá kí n tó padà délé.

Ṣọ́ọ̀bù ìtọ́jú ara ni Màdáàmù ní. Wọ́n ń fọ ojú níbẹ̀, wọ́n ń wọ́ra fún ènìyàn, wọ́n ń kun èékánná. Yàrá kan wà lẹ́yìn tó jẹ́ pé ẹ̀rọ kan ṣoṣo ló wà nínú ẹ̀, tòkunbọ̀ tí wọ́n gbé wọlé láti Jámánì. Ó gùn ju ènìyàn lọ, ó ní ìdérí tó ń ṣí sókè, gílóòbù gígùn méjìlá wà nísàlẹ̀, méjìlá wà nínú ìdérí. Oníbàárà á bọ́ra sílẹ̀, á dùbúlẹ̀ lórí oníke tó mọ́ gaara, á fa ìdérí bo ara ẹ̀, iná á sì máa ràn sí i lára lókè nísàlẹ̀. Tanning bed, ìyẹn bẹ́ẹ̀dì tó ń mú kí awọ ṣú, ni àwọn tó ṣe é ń pè é. Àwọn ọmọbìnrin tó ń ṣiṣẹ́ níbẹ̀ ò ráyè ìyẹn. Pósí ni wọ́n ń pè é. “Ta ló wà nínú pósí?” “Pósí ti ṣófo, ẹ máa bọ̀.” Orúkọ yìí ń bí Màdáàmù nínú gan-an, pàápàá láti ọjọ́ tí oyinbo kan ti ní kí wọ́n túmọ̀ rẹ̀ fún òun.

Mo bi wọ́n léèrè pé ṣé oòrùn Àbújá ò tó ẹni tó bá fẹ́ ṣú ni. Wọ́n ní oòrùn ìta kì í dé ibi tí aṣọ bò, ta ni yóò sì bọ́ra sílẹ̀ ní gbangba nílùú yìí? Àwọn oyinbo tó wá ṣiṣẹ́, àwọn ọmọ Lẹ́bánónì tó fẹ́ ṣègbéyàwó, àwọn tó fẹ́ kí àwọ̀ wọn dọ́gba láti ọrùn dé ẹsẹ̀, àwọn ni oníbàárà. Lórí pẹpẹ tó wà níwájú ṣọ́ọ̀bù kan náà, ìpara tó ń sọ dúdú di pupa ló tò síbẹ̀ rẹrẹẹrẹ. Ẹnì kan ń sanwó ní yàrá ẹ̀yìn kó lè dúdú, ẹnì kejì ń sanwó níwájú kó lè pọ́n, àpò kan náà sì ni owó àwọn méjèèjì ń wọ̀. N ò sọ nǹkan kan. Oníná ni mí.

Mo tan ẹ̀rọ náà. Gílóòbù mẹ́rìnlélógún tàn pérépéré, ìmọ́lẹ̀ aláwọ̀ aró tó dùn ún wò. Mo wọn iná tó ń wọlé, mo yẹ sítátà wò lọ́kọ̀ọ̀kan, mo fọwọ́ kan ṣóòkù bóyá ó gbóná jù. Kò sí àléébù kankan. Bíi wákàtí méjì ni mo fi wà lábẹ́ ìdérí náà, tí mò ń wo gílóòbù lójúkojú láìfi nǹkan kan bojú. Níkẹyìn mo sọ fún Màdáàmù pé ara ẹ̀rọ le koko, ó jọ pé awọ àwọn oníbàárà wọn ni kò fẹ́ gbà.

Wọn ò dá mi lóhùn. Wọ́n tọ́ka sí fèrèsé kékeré kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀rọ náà tí nọ́ńbà ń yí nínú ẹ̀ bíi ti mítà NEPA: 1,347. Iye wákàtí tí àwọn gílóòbù náà ti tàn nìyẹn. Wọ́n fa ìwé ẹ̀rọ yọ nínú dúrọ́ọ̀, wọ́n ṣí i síbi tí wọ́n ti kọ ọ́ pé kí á pààrọ̀ gbogbo gílóòbù tó bá ti pé 600 wákàtí. Ìwé náà ti wà níbẹ̀ láti ọjọ́ tí ẹ̀rọ ti dé. Èdè Jámánì ni wọ́n fi kọ ọ́, ṣùgbọ́n nọ́ńbà ò ní èdè. Wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ rí i láàárọ̀ ọjọ́ náà ni, ìdí tí wọ́n fi pè mí nìyẹn.

Òru ọjọ́ yẹn ni ojú mi gbaná. Ẹni tó bá ti wo iná wẹ́dà rí mọ ohun tí mò ń wí: kì í dun ènìyàn lójú ẹsẹ̀, ó di wákàtí mélòó kan lẹ́yìn náà kó tó dà bíi pé wọ́n bu iyanrìn sí i. Ìyàwó mi ń fi aṣọ tútù lé mi lójú, ó ń bi mí pé, “Bàbá Ìbejì, ṣé ẹ lọ jó irin ni?” Gílóòbù tí wọ́n ní ó ti rẹ̀, tí kò lè yí awọ padà mọ́, ó ṣì ní agbára tó lè jó ojú mi. Pípa ojú dé pàápàá ò tó, nítorí ìpéǹpéjú fẹ́lẹ́. Láti ọjọ́ náà, n kì í tan ẹ̀rọ yẹn láìwọ awò tí wọ́n ṣe fún un.

Gílóòbù inú pósí àti gílóòbù gígùn tí a ń fi sí ọ́fíìsì, ọmọ ìyá ni wọ́n. Ìwọ̀nba gáàsì àti mẹ́kúrì bíńtín ló wà nínú àwọn méjèèjì. Tí iná bá gba inú ẹ̀ kọjá, mẹ́kúrì yẹn á tú ìtànṣán kan jáde tí ojú kò lè rí, 254 nánómítà ni gígùn ìgbì rẹ̀. Ẹ̀fun tí wọ́n kùn sínú gíláàsì náà ló ń gba ìtànṣán yìí mì, tó sì ń pọ ọ́ jáde ní ọ̀nà mìíràn. Ẹ̀fun ti ọ́fíìsì ń sọ ọ́ di ìmọ́lẹ̀ tí a fi ń kàwé. Ẹ̀fun ti pósí ń sọ ọ́ di ultraviolet (UV) tí ìgbì rẹ̀ gùn ju ìyẹn lọ, tí ojú kò sì lè rí: èyí tó pọ̀ jù jẹ́ UVA, láti 315 dé 400 nánómítà, ìwọ̀nba díẹ̀ sì jẹ́ UVB, láti 280 dé 315. UVA ń mú kí àwọ̀ tó ti wà lára tẹ́lẹ̀ ṣú kíákíá. UVB ló ń rán awọ níṣẹ́ pé kó ṣe àwọ̀ tuntun, òun náà ló sì ń tètè jó ènìyàn. Ìmọ́lẹ̀ aláwọ̀ aró tí èmi ń wò fún wákàtí méjì yẹn, ìtasánsán ọbẹ̀ ni, kì í ṣe ọbẹ̀. Ẹ̀fun náà sì ń gbó. Ìtasánsán á ṣì máa rùn dáadáa nígbà tí ìkòkò bá ti fẹ́rẹ̀ẹ́ gbẹ.

Màdáàmù ní kí n lọ wá tuntun. Mo yọ ọ̀kan, mo fi tépù wọ̀n ọ́n: mítà 1.76, irin méjì-méjì ní ẹnu kọ̀ọ̀kan, 100 wáàtì. Ní ọjà Wuse, ọkùnrin kan mú gílóòbù dúdú tí wọ́n ń lò níbi àríyá wá fún mi, èyí tó ń mú kí aṣọ funfun máa tàn yòò lóru. Ó ní UV náà ni. Kò parọ́, ṣùgbọ́n ẹsẹ̀ bàtà mẹ́rin péré ni gígùn ẹ̀, 40 wáàtì sì ni. Ẹlòmíràn ní kí n fi ti ọ́fíìsì tó bá ti gùn tó bẹ́ẹ̀ sí i, iná niná ń jẹ́. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ kan, oníṣòwò kan ní Alaba l'Ékòó ní òun ní i. Gígùn kan náà, irin ẹnu kan náà, 100 wáàtì kan náà. Ó tún fi kún un pé, “Ẹ̀gbọ́n, èyí le ju ti tẹ́lẹ̀ lọ o, wọn ò ní pẹ́ nínú ẹ̀ tí wọ́n á fi ṣú.” Mo rò pé ẹ̀bùn ló fún mi. Mo san owó mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n, ó fi wọ́n ránṣẹ́ nínú ọkọ̀ alẹ́, méjì fọ́ kí wọ́n tó kọjá Lọ́kọ́ja, mẹ́rìnlélógún gúnlẹ̀ láyọ̀.

Ohun tó yẹ kí n kà wà gbangba lára gílóòbù náà. Lára ti àtijọ́, wọ́n kọ 100-R, nọ́ńbà kan tẹ̀lé e, ìlà kékeré kan là á, nọ́ńbà mìíràn tún tẹ̀lé ìyẹn. Mo rí i. Mo rò pé nọ́ńbà ilé-iṣẹ́ ni, bí èyí tó máa ń wà nídìí agolo mílíìkì. Àṣé àmì yìí gan-an ni wọ́n fi ń dá gílóòbù mọ̀ ní Yúróòpù. 100 ni wáàtì. R ń sọ pé wọ́n kun ẹ̀yìn gílóòbù náà láti inú, kí ìtànṣán lè dà síwájú, sí ara ẹni tó sùn. Nọ́ńbà tó ṣáájú ìlà ń sọ bí agbára rẹ̀ láti mú kí awọ pọ́n ṣe tó. Èyí tó tẹ̀lé ìlà ń sọ bí ìtànṣán kúkúrú, ìyẹn UVB, ṣe tó sí èyí tó gùn. Ẹni tó bá máa pààrọ̀ gbọ́dọ̀ rí i pé àmì tuntun bá èyí tí ẹ̀rọ béèrè mu. Gígùn àti wáàtì ò dá ẹjọ́ náà. Nọ́ńbà tó ṣáájú ìlà lára ti Alaba fi ìdajì ju ti àtijọ́ lọ. Ní Yúróòpù, òfin ìdíwọ̀n wà pé agbára ìjóra ẹ̀rọ báyìí kò gbọ́dọ̀ ju 0.3 wáàtì lọ lórí mítà onígun mẹ́rin kan. Kò ní yà mí lẹ́nu bó bá jẹ́ pé gílóòbù tó le ju ìyẹn, tí wọn ò rí tà lọ́hùn-ún mọ́, ló ń wá ọ̀nà ọjà wa.

Ọjọ́ Sátidé ni mo fi wọ́n sí. Lọ́jọ́ Ajé, arábìnrin oyinbo kan tó ti ń wá láti bí oṣù mẹ́ta dùbúlẹ̀ fún ogún ìṣẹ́jú bó ṣe máa ń ṣe. Kò sẹ́ni tó sọ fún un pé gílóòbù ti yí padà. Kó tó di alẹ́, àyà, ikùn àti iwájú itan ẹ̀ ti pọ́n bíi tàtàṣé. Nígbà tílẹ̀ fi máa mọ́, ó ti lé bí ìgbà tí omi gbígbóná dà síni lára. Màdáàmù pè mí. Wọn ò pè mí ní Ẹnjiníà lọ́jọ́ yẹn.

A jọ lọ tọrọ àforíjì ni. Arábìnrin náà ò pariwo. Ó kàn yí ẹ̀yìn sí wa, ó gbé aṣọ sókè díẹ̀. Ẹ̀yìn náà funfun báláú, nǹkan kan ò ṣe é. Iwájú ti jó, ẹ̀yìn ò gbóná, bíi dòdò tí ẹni tó ń dín in gbàgbé láti yí padà. Màdáàmù ń bẹ̀bẹ̀. Èmi ń ronú. Gílóòbù kan náà ni mo fi sókè àti nísàlẹ̀. Kí ló dé tí ìsàlẹ̀ ò ṣe nǹkan kan?

Dókítà tó tọ́jú ẹ̀ rí ohun tí àwa ò ronú kàn rárá. Doxycycline ni arábìnrin náà ń lò lójoojúmọ́ nítorí ibà, bí ọ̀pọ̀ oyinbo tó bá wá sí Nàìjíríà ṣe máa ń ṣe, oògùn yẹn sì ń mú kí awọ tètè jó nínú oòrùn tàbí lábẹ́ iná tó bá jọ oòrùn. Ẹ̀ka kan nìyẹn. Ẹ̀ka kejì ni nọ́ńbà tí mo kọ̀ tí n ò kà. Ẹ̀ka kẹta ló dùn mí jù, torí pé bí mo bá tilẹ̀ ra gílóòbù tó tọ́, ogún ìṣẹ́jú yẹn ì bá ṣì pọ̀ jù fún un. Bí gílóòbù àtijọ́ ṣe ń rẹ̀ ni wọ́n ń fi ìṣẹ́jú kún un, láti mẹ́wàá dé méjìlá, láti méjìlá dé mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, títí ó fi di ogún, láìmọ̀ pé àárẹ̀ gílóòbù ni àwọn ń fi àkókò dí. Ọjọ́ tí tuntun bá wọlé, gbogbo oníbàárà gbọ́dọ̀ padà sí ìbẹ̀rẹ̀, bí ẹni tí kò débẹ̀ rí. Èmi ló yẹ kí n sọ fún wọn. Mo gba owó iṣẹ́ mi, mo lọ sílé.

Ọ̀rọ̀ dòdò yẹn ò kúrò lọ́kàn mi. Ọmọ ìlú mi kan wà l'Ábújá níbí, ọmọ Ogbomọ̀ṣọ́, tó ń tún ẹ̀rọ ilé ìwòsàn ṣe. Mo bẹ̀ ẹ́, ó gbé mítà UV wá, nǹkan kékeré bíi fóònù Nokia àtijọ́. Ó ṣí oníke kúrò, ó gbé mítà sún mọ́ gílóòbù ìsàlẹ̀, nọ́ńbà fò sókè. Ó dá oníke padà, ó gbé mítà lé e lórí níbi tí ènìyàn máa ń sùn sí, nọ́ńbà já wálẹ̀, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ di òdo. Ó wò mí lójú. “Bọ̀dá, ta ló fi Perspex yìí síbí?”

Màdáàmù ni. Èyí tó bá ẹ̀rọ wá ti sán lọ́dún tó ṣáájú, wọ́n sì ní kí káfíńtà bá wọn gé òmíràn ní Dei-Dei. Ó mọ́ ju ti àkọ́kọ́ lọ pàápàá. Ṣùgbọ́n irú Perspex tí wọ́n ń tà lọ́jà, tí wọ́n fi ń ṣe pátákó ìpolówó, èròjà kan wà nínú ẹ̀ tó ń dí UV lọ́nà kí oòrùn má baà tètè bà á jẹ́. Ìmọ́lẹ̀ tí ojú ń rí á kọjá, UV á dúró sẹ́yìn. Ti ẹ̀rọ yìí, ọ̀tọ̀ ni wọ́n ṣe é kí UV lè gbà á kọjá, òun náà sì ń gbó bí gílóòbù ṣe ń gbó. Ọtí àti omi ìnuwíńdò tí àwọn ọmọbìnrin náà fi ń nù ún lẹ́yìn oníbàárà kọ̀ọ̀kan ló jẹ́ kí ti àkọ́kọ́ sán wẹ́wẹ́ bí ilẹ̀ ẹ̀ẹ̀rùn. Omi àti ọṣẹ tí kò le ló fẹ́.

Ìyẹn ni pé ẹ̀sùn tí Màdáàmù kọ́kọ́ fi sùn mí lórí fóònù, ìdí méjì ló ní. Gílóòbù ti gbó lókè nísàlẹ̀, a sì tún da aṣọ bo ti ìsàlẹ̀. Èmi pààrọ̀ gílóòbù, mo fi aṣọ sílẹ̀, gbogbo agbára wá dà sí iwájú ara arábìnrin ẹlẹ́ni. Màdáàmù dá owó rẹ̀ padà fún un, wọ́n sì san ti ilé ìwòsàn. Mo ní kí wọ́n yọ díẹ̀ nínú owó mi tó kù lọ́wọ́ wọn. Wọ́n yọ gbogbo ẹ̀.

Àwọn gílóòbù tó bá àmì mu, ọwọ́ ẹni tó ń bọ̀ láti Jámánì ni a ti rí wọn gbà, pẹ̀lú oníke tòótọ́. Lọ́tẹ̀ yìí mo fara balẹ̀. Mo fi máàkà kọ ọjọ́ àti nọ́ńbà wákàtí sí ẹnu gílóòbù kọ̀ọ̀kan. Mo pààrọ̀ gbogbo wọn lẹ́ẹ̀kan náà, torí pé bí tuntun bá wà láàárín àwọn àgbà, ara oníbàárà á ṣú níbì kan, á pọ́n níbì kan, bí ewúrẹ́ alámì. Ọ̀kan bá kú ṣáájú àsìkò, n kì í fi tuntun dípò ẹ̀. Mo máa ń tọ́jú mẹ́ta tàbí mẹ́rin tó dára jù nínú àwọn tí mo yọ, irú wọn ni mo fi ń dí i. Síbẹ̀ mo tún ṣe àṣìṣe kan: mo gbé méjì sí i lódì, iwájú wọn kọjú sí ara ẹ̀rọ, wọ́n ń sáná fún páànù. Ojú ò lè mọ̀ ọ́n. Mítà ọmọ Ogbomọ̀ṣọ́ ló tú u.

Ti iná ìjọba, kí n má fa ọ̀rọ̀ gùn, gbogbo wa la mọ̀ ọ́n. Nígbà tó bá wálẹ̀ dé 170 fólítì, gílóòbù á máa ṣẹ́jú, sítátà á máa já a títí ẹnu ẹ̀ á fi dúdú, ọjọ́ ayé ẹ̀ á sì gé kúrú. Mo ní kí wọ́n ra sìtebiláísà tó tó o gbé. Wọ́n rà á lẹ́yìn oṣù mẹ́jọ. Ọyẹ́ ni mo fẹ́ sọ. Àwọn tó ṣe ẹ̀rọ yìí ò mọ Àbújá ní oṣù Ṣẹẹrẹ, nígbà tí eruku bá ti ìhà Sàhárà dé, tí èèyàn á nu tábìlì láàárọ̀ tí á tún fi ìka kọ orúkọ ẹ̀ sí i lọ́sàn-án. Eruku yẹn á dí ojú fáànù, ooru á dúró sínú, gílóòbù tó bá sì gbóná jù kì í mú UV jáde tó bó ṣe yẹ. Ọ̀sẹ̀ méjì-méjì ni mo ń lọ fọ fáànù nígbà ọyẹ́. Màdáàmù ní iṣẹ́ yẹn ni mo ṣe tó dùn mọ́ wọn jù, torí kì í gba owó gílóòbù.

Lẹ́yìn ọ̀rọ̀ arábìnrin yẹn ni mo wá bẹ̀rẹ̀ sí í ka nǹkan nípa ohun tí mò ń fọwọ́ kàn. Ẹ̀ka àjọ ìlera àgbáyé tó ń ṣèwádìí àrùn jẹjẹrẹ ti kéde lọ́dún 2009 pé ẹ̀rọ yìí wà lára ohun tó dájú pé ó ń fa jẹjẹrẹ fún ọmọ ènìyàn, ìsọ̀rí kan náà tí wọ́n fi sìgá sí. Lọ́dún yẹn kan náà ni Brazil fòfin dè é. Ní Australia, ìpínlẹ̀ tó pọ̀ jù lọ ti ṣọ́ọ̀bù tó ń fi í ṣòwò pa nígbà tí 2015 fi máa bẹ̀rẹ̀. Amẹ́ríkà ò dè é, ṣùgbọ́n láti 2014 wọ́n ní kí wọ́n lẹ ìkìlọ̀ mọ́ ọn lára pé kí ẹni tí kò tíì pé ọmọ ọdún 18 má lò ó. Ọmọ àbúrò ìyá mi jẹ́ àfín. Mo mọ ohun tí oòrùn lásán ti ṣe sí etí àti ọrùn ẹ̀ kó tó pé ọmọ ọgbọ̀n ọdún, ọgbẹ́ tí kì í jinná, tí wọ́n gé títí. Mo sọ gbogbo èyí fún Màdáàmù. Wọ́n ní, “Ṣé èmi ni mo ní kí wọ́n wá ṣú ni?” Ọ̀sẹ̀ kan lẹ́yìn náà, mo rí ìwé tí wọ́n lẹ̀ mọ́ ilẹ̀kùn yàrá ẹ̀yìn: ọmọdé ò gbọdọ̀ wọlé, ẹni tó bá ń lo oògùn kó kọ́kọ́ sọ ọ́. Wọ́n ò bi mí mọ́, èmi náà ò bi wọ́n mọ́. Mo ṣì ń gba owó iṣẹ́ lórí ẹ̀rọ náà, n ò ní purọ́ fún yín.

Lọ́dún 2019, ọmọ ìlú mi yẹn ní kí n bá òun dé ilé ìwòsàn kan lójú ọ̀nà Kàdúná, iṣẹ́ ti pọ̀ jù fún òun nìkan. Ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń tọ́jú ìkókó tí ibà pọ́njú ń ṣe ni. Gílóòbù mẹ́fà ló wà lára ẹ̀: mẹ́rin aláwọ̀ aró, méjì funfun. Nọ́ọ̀sì sọ fún wa pé oníná àdúgbò ló fi funfun méjì yẹn sí i nígbà tí ti tẹ́lẹ̀ jó, pé ó tilẹ̀ mọ́lẹ̀ ju ti àkọ́kọ́ lọ. Ara mi bù máṣọ. Bó bá jẹ́ èmi ni wọ́n pè ní ọdún méjì ṣáájú, ohun tí n bá ṣe gan-an nìyẹn.

Mo ti ń rò ó tẹ́lẹ̀ pé UV ni wọ́n fi ń tọ́jú àwọn ọmọ yẹn, ọ̀pọ̀ ènìyàn ló rò bẹ́ẹ̀. Rárá o. Ohun tó ń sọ ojú ọmọ di ìyeyè lórúkọ ń jẹ́ bilirubin, ìmọ́lẹ̀ aláwọ̀ aró, bíi 460 sí 490 nánómítà, ló sì ń gbà wọlé. Ìmọ́lẹ̀ yẹn ń yí i padà sí irú èyí tí ara ọmọ lè gbé jáde nínú ìgbẹ́ àti ìtọ̀. UV ò gbọdọ̀ sí níbẹ̀. Bí bilirubin bá pọ̀ jù tó sì wọ ọpọlọ, ọmọ náà lè di adití, ó lè di arọ, ó sì lè kú. Mítà ti ibí yìí, ọ̀tọ̀ ni, ìmọ́lẹ̀ aró nìkan ló ń wọ̀n. Fún ọmọ tí ara ẹ̀ ti pọ́n gan-an, 30 ni àwọn dókítà ń fẹ́ rí lórí ẹ̀, ó kéré tán. Èyí tí a wọ̀n níbẹ̀ ò tó márùn-ún. Funfun méjì yẹn ò fi nǹkan kan kún un, bẹ́ẹ̀ ni aró mẹ́rin tó kù ti rẹ̀. Kò sẹ́ni tó mọ ọjọ́ tí wọ́n fi wọ́n síbẹ̀, ẹ̀rọ náà ò sì ní fèrèsé tó ń ka wákàtí. Ìyá ọmọ tó wà lábẹ́ ẹ̀ jókòó sórí ẹní nílẹ̀, ó ń fi Haúsá kí wa, ó ń dúpẹ́ pé a wá tún iná ọmọ òun ṣe. Tirẹ̀ rèé, iná náà ń tàn.

A pààrọ̀ gbogbo ẹ̀ kí a tó jáde. Nígbà tí a ń bọ̀, ọmọ ìlú mi ń fi Ogbomọ̀ṣọ́ yangàn fún mi nínú ọkọ̀. Ó ní àwọn olùwádìí ti ṣe àgọ́ kan tí wọ́n fi ọ̀rá pàtàkì bò, tó ń yọ UV àti ooru kúrò nínú oòrùn, tó ń fi aró sílẹ̀ fún ìkókó. Pé wọ́n dán an wò l'Ékòó, wọ́n gbé àbájáde ẹ̀ jáde ní 2015, wọ́n tún dán an wò ní Ogbomọ̀ṣọ́, ìyẹn jáde ní 2018, ó sì tọ́jú àwọn ọmọ náà bí iná ilé ìwòsàn ṣe ń ṣe. Mo ní kó tún un sọ. Ọ̀rá tó ń dí UV, tó ń jẹ́ kí ìyókù kọjá: Perspex Dei-Dei tó ba tèmi jẹ́ ni mo rántí.

Nígbà tí Kòrónà dé ní 2020, ọ̀pọ̀ oyinbo padà sílùú wọn, pósí sì ṣófo lóòótọ́. Màdáàmù ò tún tan án mọ́. Wọ́n tà á fún ẹnì kan tó fẹ́ irin ara ẹ̀, wọ́n ní kí n wá yọ gílóòbù kúrò. Mo yọ wọn, mo kó wọn lọ sílé mọ́ àwọn tí mo ti yọ sẹ́yìn, ìsọ̀rí mẹ́ta, ó lé ní àádọ́rin. N ò lè jù wọ́n síta: mẹ́kúrì ṣì wà nínú ẹ̀, májèlé sì ni, ọkọ̀ tó ń kó ìdọ̀tí á sì fọ́ wọn mọ́lẹ̀ níwájú àwọn ọmọ tó ń ṣa páànù. Mo wá ibi tí wọ́n ti ń gbà á títí, n ò rí. Wọ́n wà lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì wa ní Kubwa, nínú páálí wọn. Ọ̀kan bọ́ lọ́wọ́ mi lọ́dún tó kọjá. Mo lé àwọn Ìbejì jáde, mo ṣí gbogbo fèrèsé, mo fi páálí gbá èéfọ́ jọ, mo fi tépù lẹ ẹ̀fun tó kù nílẹ̀, n ò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fọwọ́ kan ìgbálẹ̀. Ìyàwó mi dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó káwọ́ lérí.

“Bàbá Ìbejì, ìgbà wo ni òkú yìí máa jáde nílé?”

Mo ní kó fún mi ní ọ̀sẹ̀ kan.